Glock 17 àti CZ 75 B lórí pápá ìyìnbọn: èwo ló yẹ kí ẹ yàn?

Ẹni tó bá fẹ́ ra ìbọn ìléwọ́ àkọ́kọ́ fún eré ìdárayá sábà máa ń ṣe àṣìṣe kan náà. Yóò gbé ìbọn méjì lé orí tábìlì, yóò yin ọta mẹ́wàá mẹ́wàá nínú wọn, yóò wo bébà tí ihò rẹ̀ ṣù pọ̀ jù, yóò sì ní òun ti rí tòun. Ọta mẹ́wàá kò tó mọ ìwà ìbọn. Ní òwúrọ̀, nígbà tí apá kò tíì rẹni, kò sí ìbọn tó dára tí kò ní wuni. Ìgbà tí a bá ti yin ọgọ́rùn-ún ọta, tí ọrùn ọwọ́ ti ń wúwo, tí òógùn sì ti bo àtẹ́lẹwọ́, ni ìbọn kọ̀ọ̀kan tó máa ń fi ara rẹ̀ hàn. Nítorí èyí ni mo ṣe fi odindi ọjọ́ kan wé Glock 17 àti CZ 75 B, láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí mo sì mú àbúrò mi kan dání tí kò tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ nídìí eré yìí, kí ìfiwéra náà má bàa jẹ́ ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ìbọn nìkan.

Àwọn méjèèjì yìí tọ́ sí ìfiwéra nítorí pé ọta kan náà ni wọ́n ń jẹ, ìyẹn ọta 9×19 mm tí Georg Luger gbé jáde ní ọdún 1902. Gígùn wọn kò jìnnà síra, iye owó wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń tà wọ́n. Ṣùgbọ́n èrò tí wọ́n fi ṣe wọ́n lòdì síra pátápátá: ike ni ara ọ̀kan, irin ni ara èkejì; ọ̀kan kò ní òòlù tí ojú lè rí, òòlù èkejì, ìyẹn irin tó ń já wálẹ̀ kí ọta tó jáde, sì hàn gbangba lẹ́yìn rẹ̀; ọ̀kan ń béèrè agbára kan náà lọ́wọ́ ìka ní gbogbo ìgbà, èkejì lè béèrè agbára méjì tó yàtọ̀ síra láàárín ìṣẹ́jú kan. Níwọ̀n ìgbà tí ọta kò ti yàtọ̀, ìyàtọ̀ yòówù tí ọwọ́ bá mọ̀ lára, láti ọ̀dọ̀ ìbọn tàbí láti ọ̀dọ̀ ẹni tó dì í mú ló ti wá.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Ohun méjì ni mo fún ní ìwọ̀n tó pọ̀ jù: bí èèkù ìbọn ṣe bá ọwọ́ mu, àti bí apátí rẹ̀ ṣe rí lábẹ́ ìka. Apátí ni ohun tí ìka ń fà kí ìbọn tó dún, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní tírígà. Lẹ́yìn wọn ni mo wo ìtìsẹ́yìn, èyí tí í ṣe bí ìbọn ṣe ń ti ọwọ́ padà nígbà tí ọta bá jáde, mo sì wo bí ó ṣe ń kó àárẹ̀ bá ẹni tó ń yìn ín fún wákàtí púpọ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé tẹ̀ lé e: ǹjẹ́ ìbọn náà máa ń há, ǹjẹ́ ó máa ń kọ̀? Owó ni mo fi kẹ́yìn, kì í ṣe nítorí pé kò ṣe pàtàkì, bí kò ṣe pé owó ìbọn fúnra rẹ̀ ni ó kéré jù nínú ohun tí eré yìí ń ná ni.

Iye ọta tí mágásíìnì, àpótí ọta tó ń wọ inú èèkù, lè gbà kò sí nínú ohun tí mo wò. Glock gba 17, CZ gba 16, àwọn ibì kan sì wà tí òfin kò gbà ju 10 lọ. Bébà tó wà níwájú wa kò ní sá lọ, ọta kan kò sì lè jẹ́ ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi yan ìbọn.

Ọta inú páálí kan náà ni a lò fún ìbọn méjèèjì, ọta tí orí rẹ̀ wọn gíráàmù 7.45, èyí tí àwọn tí ń fi gíréènì wọ̀n ọ́n ń pè ní 115. Mítà 15 ni a dúró sí. Ọta márùn-ún ni a ń yìn sí bébà kọ̀ọ̀kan, a sì ń pààrọ̀ ìbọn lẹ́yìn bébà márùn-ún, kí àárẹ̀ má bàa jẹ́ ti ìbọn kan ṣoṣo. Nígbà tí ilẹ̀ fi ń ṣú, mo ti yin ọta 150 nínú ìkọ̀ọ̀kan wọn. Àbúrò mi kò yin tó bẹ́ẹ̀, n kò sì fi dandan mú un, nítorí pé ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ tó sì ti rẹ̀, àṣìṣe ló ń fi kọ́ra.

Kí n tó lọ síwájú, àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ sí òun? Òfin àkọ́kọ́ lórí pápá nìyẹn. Gbogbo ìbọn ni kí ẹ kà sí èyí tó ní ọta nínú títí ojú yín yóò fi rí i pé kò sí. Ẹ má kọ ẹnu rẹ̀ sí ohun tí ẹ kò fẹ́ bà jẹ́. Ẹ má ti ìka bọ ibi apátí àfi ìgbà tí ojú ti wà lórí àmì. Kí ẹ sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn àmì náà. Ìbotí àti awò ojú kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ariwo ìbọn ìléwọ́ 9 mm a máa tó nǹkan bíi dẹ́síbẹ́lì 160, bẹ́ẹ̀ ariwo òjijì tó bá ti kọjá 140 lè ba etí jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìwé àṣẹ àti òfin ibi tí ẹ ń gbé ni ó sì gbọ́dọ̀ ṣáájú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Glock 17

Gaston Glock kò tíì ṣe ìbọn rí kí ó tó ṣe èyí. Ọ̀bẹ àti ọ̀pá tí wọ́n fi ń ta kọ́tìnnì wà lára ohun tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe ní Austria, nígbà tí ó gbọ́ pé àwọn ológun ilẹ̀ náà ń wá ìbọn ìléwọ́ tuntun. Ní ọdún 1982 ni wọ́n gba tirẹ̀. Bóyá torí pé kò jẹ́ ọmọ ìdí iṣẹ́ náà ni kò fi bẹ̀rù láti fi ike líle ṣe ara ìbọn ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé irin nìkan ni ìbọn. Àwọn tó rò pé ọta 17 ló sọ ọ́ lórúkọ ṣì í gbọ́: ohun kẹtàdínlógún tí ọkùnrin náà gba ìwé ẹ̀tọ́ ìṣẹ̀dá fún ni, ìyẹn ni 17 fi bá a wá.

Tí kò bá sí mágásíìnì nínú rẹ̀, ìbọn yìí kò ju nǹkan bíi gíráàmù 630 lọ. Ìfúyẹ́ yìí dùn nígbà tí a bá ń gbé e rìn, ṣùgbọ́n lórí pápá, ó ní ohun tí ó ń gbà padà lọ́wọ́ ẹni. Ọta kan wọn nǹkan bíi gíráàmù 12, nítorí náà nígbà tí mágásíìnì bá fi ṣófo, ohun tó lé ní gíráàmù 200 ti fi ọwọ́ ẹni sílẹ̀, èyí tó ju ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ohun tí a gbé sókè ní ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fara balẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n lára: ọta ìkẹyìn ń ti ọwọ́ ju ọta àkọ́kọ́ lọ, orí ìbọn sì ń wúwo ju ìdí rẹ̀ lọ bí ọta ṣe ń tán.

Apátí rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe apátí tó dùn. Ahọ́n kékeré kan wà láàárín rẹ̀ tí ìka gbọ́dọ̀ tẹ̀ kí apátí tó lè sún, ìdènà méjì mìíràn sì wà nínú ìbọn náà tí ojú kò rí. Kò sí ohun kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí a ń yí sókè tàbí sílẹ̀ kí a tó yìn ín. Agbára tí ìka fi ń fà á tó nǹkan bíi kílógíráàmù 2.5, bákan náà ni ó sì rí láti ọta àkọ́kọ́ dé ọta ìkẹyìn. Ó máa ń rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń dúró gan-an bí ẹni tó kan ògiri, kí ó tó já. Ẹni tí kò bá fi sùúrù ti ìka rẹ̀ kọjá ògiri yẹn, tó já a gbà, yóò rí ihò rẹ̀ nísàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì tó bá jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún ló ń lò. Bébà mẹ́ta àkọ́kọ́ àbúrò mi rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àmì ìfojúsùn tó wà lẹ́yìn ìbọn wò bóyá ó ti yẹ̀. Kò sí ohun tó yẹ̀ níbẹ̀ ju ìka rẹ̀ lọ.

Èèkù rẹ̀ ni kì í bá gbogbo ènìyàn mu. Ó tẹ̀ sẹ́yìn ju ti ọ̀pọ̀ ìbọn lọ, tó fi jẹ́ pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ìbọn mìíràn, tó bá pa ojú dé tó sì gbé Glock sókè, yóò la ojú rí i pé ẹnu ìbọn ń wo òkè ju àmì lọ. Ọjọ́ díẹ̀ ni ọwọ́ fi ń kọ́ ọ, ó wulẹ̀ ń béèrè pé kí a kọ́ ọ ni. Láti ìran kẹrin rẹ̀ ní 2010 ni wọ́n ti ń fi àwọn ẹ̀yìn èèkù tó ṣeé pààrọ̀ kún un fún ọwọ́ ńlá àti ọwọ́ kékeré. Ìran karùn-ún tó jáde ní 2017 ló sì yọ àwọn kòtò ìka tó wà níwájú èèkù kúrò, èyí tó jẹ́ ìtura fún gbogbo ẹni tí ìka rẹ̀ kò bọ́ sínú kòtò tí ẹlòmíràn gbẹ́ fún un. Ní ti àmì ìfojúsùn tó bá a wá, ike ni, ó sì tóbi ju ohun tí ẹni tó fẹ́ fi ìbọn ta ibi kékeré ń wá lọ. Ọ̀pọ̀ ló máa ń pààrọ̀ rẹ̀ kí ọdún kan tó pé.

CZ 75 B

Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan, Josef àti František Koucký, ló ya àwòrán CZ 75 ní Czechoslovakia, nígbà tí ilẹ̀ Czech àti Slovakia ṣì jẹ́ ọ̀kan. Ọdún 1975 ni wọ́n gbé e jáde, ìlú Uherský Brod ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Lẹ́tà B tó kẹ́yìn orúkọ náà dúró fún ìdènà tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn náà, kí abẹ́rẹ́ tó ń gún ìdí ọta má lè sún àfi tí wọ́n bá fa apátí.

Nǹkan bíi kílógíráàmù kan ni ìwọ̀n rẹ̀ láìsí ọta, gbogbo ara rẹ̀ sì jẹ́ irin. Bí ẹ bá ti Glock sílẹ̀ tí ẹ gbé e, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó mọ̀ ni pé èèkù rẹ̀ kún ọwọ́ láìpọ̀ jù, ó gbẹ́ sínú níbi tó yẹ, ó sì wú síta níbi tó yẹ, bí ẹni pé wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn ṣe àdámọ̀ rẹ̀. N kò tíì rí ẹni tó gbé e tó ní kò bá òun mu, ó kéré tán kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa apátí rẹ̀.

Irin gbọọrọ tó wà lórí ìbọn, tó ń sún sẹ́yìn tó sì ń padà síwájú ní gbogbo ìgbà tí ọta bá jáde, ni mo fẹ́ pè ní irin òkè. Lára ọ̀pọ̀ ìbọn, òde ara ìbọn ni irin òkè ti ń sún. Lára CZ, inú ara ìbọn ló ti ń sún, bí àpótí inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ohun tí èyí fún un ni pé irin òkè rẹ̀ kì í mì lọ mì bọ̀, ìjókòó rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ sí ọwọ́, tí ìtìsẹ́yìn fi ń wá tààrà dípò kí ó máa ju ẹnu ìbọn sókè. Ohun tó sì gbà padà ni pé ibi tí ọwọ́ lè dì mú lára irin òkè náà kò ju tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Ní ọ̀sán, nígbà tí òógùn ti dé, àbúrò mi fa irin òkè náà lẹ́ẹ̀mejì tí ó yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, àfi ìgbà tó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò ni ó tó gbà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò lágbára, tàbí tí oríkèé ìka ń dùn, kò gbọdọ̀ ra CZ láìtíì fa irin òkè rẹ̀ ní ìgbà ogún léraléra.

Apátí CZ jẹ́ méjì nínú ọ̀kan. Tí òòlù bá wà nílẹ̀, fífà apátí ni yóò gbé òòlù sókè tí yóò sì tún jù ú sílẹ̀. Ìfà yìí gùn, ó sì le tó ìlọ́po méjì ti Glock lábẹ́ ìka mi. Láti ọta kejì lọ, irin òkè ti bá wa gbé òòlù sókè ní ìmúra, ìfà náà sì di kúkúrú àti fífúyẹ́. “Ẹ̀gbọ́n, ìka mi ò tó o,” ni àbúrò mi wí nígbà tí mo ní kí ó fi òòlù tó wà nílẹ̀ bẹ̀rẹ̀, òótọ́ ni, nítorí pé apátí náà jókòó jìnnà síwájú nígbà yẹn, ìka rẹ̀ sì kúrú. Nígbà tí òòlù bá wà ní ìmúra, apátí a bọ́ sẹ́yìn, ìka rẹ̀ a sì tó o.

Ẹni tó kàn fẹ́ máa ta bébà lè má bá ìfà gígùn yẹn pàdé rárá, nítorí pé nígbà tó bá fa irin òkè láti ti ọta wọlé, òòlù ti wà ní ìmúra nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ bọ́ sínú ìdíje IPSC, ẹgbẹ́ àgbáyé kan tó ń ṣètò ìdíje ìbọn, ní ìpele tí wọ́n ń pè ní Production, òòlù gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ pátápátá kí wọ́n tó fún un ní àmì pé kí ó bẹ̀rẹ̀, ọta àkọ́kọ́ rẹ̀ yóò sì jẹ́ ti ìfà gígùn dandan. Nínú CZ 75 B, ọwọ́ ni a fi ń gbé òòlù náà sọ̀kalẹ̀: a ó fi àtàǹpàkò di òòlù mú, a ó fa apátí, a ó sì máa tú òòlù sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí ọta tó wà nínú ìbọn. Bí àtàǹpàkò bá yọ̀, ìbọn yóò dún. N kò jẹ́ kí àbúrò mi dán an wò, n kò sì ní gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níyànjú pé kí ó dán an wò láìsí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀dà kan wà tí wọ́n ń pè ní CZ 75 BD, tó ní ohun kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń gbé òòlù sọ̀kalẹ̀ láìséwu. Àmọ́ ẹ̀dà yẹn kò ní ìdènà ẹ̀gbẹ́ tí a ń fi ọwọ́ yí tí B ní, èyí tí ó fún ni láyè láti fi òòlù sí ìmúra kí a sì tì í pa.

Ọta tí kò ní ẹ̀tù

Ní nǹkan bí agogo kan ọ̀sán, mo ṣe ohun tí mo gbà gbọ́ pé ó kọ́ wa ju gbogbo bébà tí a ti lu lọ. Mo gba mágásíìnì lọ́wọ́ àbúrò mi, mo yí ẹ̀yìn sí i, mo sì da ọta ike méjì tí kò ní ẹ̀tù mọ́ ọta gidi márùn-ún láìjẹ́ kí ó mọ ibi tí mo fi wọ́n sí. Ó gbé Glock sókè, ó yin ọ̀kan, ó yin èkejì, ó fa apátí lẹ́ẹ̀kẹta, ìbọn sì ṣe kẹ́ láìdún. Àwa méjèèjì rí i: ẹnu ìbọn náà tẹrí ba sílẹ̀ bí adìyẹ tó fẹ́ ṣa ọkà. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń dúró de ìtìsẹ́yìn, ó sì ti ń tì í padà kí ó tó dé. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí a fi CZ ṣe é, àmì iwájú náà ṣì sún, ṣùgbọ́n ó sún díẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó rí. Agbára tí ọta fi ń ti ìbọn padà kò yàtọ̀, ọta kan náà sá ni. Ṣùgbọ́n ohun tó wúwo kì í tètè gbéra, nítorí náà ìtìsẹ́yìn CZ ń wá bí ẹni tó fi àtẹ́lẹwọ́ tì wá, ti Glock sì ń wá bí ẹni tó fi ìka ta wá. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń bẹ̀rù èyí tó yá jù. Tèmi náà kò mọ́ pátápátá: nígbà tí ó kàn mí, tí àbúrò mi fi ayọ̀ di mágásíìnì fún mi, ẹnu Glock sún lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́ta. Kí ẹni tó bá fẹ́ wé ìbọn méjì má gbàgbé ọta ike márùn-ún nílé.

Bí ó ti rí ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́

Bébà òwúrọ̀ fi CZ hàn bí ọba. Ìṣùpọ̀ ihò márùn-ún mi lábẹ́ CZ kò kọjá ohun tí àtẹ́lẹwọ́ mi láìka ìka mọ́ ọn lè bò, nígbà tí ti Glock ń yọ sí òde àtẹ́lẹwọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Bí mo bá dá a dúró níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ṣùgbọ́n kílógíráàmù kan àti ọta tó kún inú rẹ̀, tí a nà síwájú fún wákàtí púpọ̀, kì í ṣe ẹrù tí apá gbàgbé. Lẹ́yìn ọta ọgọ́rùn-ún, àmì iwájú CZ bẹ̀rẹ̀ sí í jó lójú mi, ìṣùpọ̀ ihò rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí apá mi ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Ti Glock kò dára ju ti òwúrọ̀ lọ, kò sì burú jù ú lọ. Nígbà tí ó fi máa di bébà ìkẹyìn, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ti kéré débi pé ẹni tí kò mọ èwo ni ti èwo ì bá má lè sọ. Àbúrò mi ni ọ̀rọ̀ náà yí padà fún pátápátá: ó fi CZ bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n Glock ni ìṣùpọ̀ ihò rẹ̀ tó kéré jù ní gbogbo ọjọ́ náà ti wá, ní nǹkan bí agogo mẹ́rin, lẹ́yìn tí ọta ike ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Ó yẹ kí n fi kún un pé mítà 15 kò le tó ti àwọn tó ń ta fún àmì ẹ̀yẹ. Lórí bébà mítà 25 ti ISSF, ẹgbẹ́ tó ń darí ìyìnbọn Òlíńpíìkì, òbìrí àárín tí í ṣe mẹ́wàá kò fẹ̀ ju mìlímítà 50 lọ. Kò sí èyí nínú àwọn ìbọn méjèèjì tí wọ́n ṣe fún irú eré yẹn, ẹni tó bá sì jẹ́ pé ibẹ̀ lọ́kàn rẹ̀ wà, ìbọn .22 tí wọ́n ṣe fún un ni kí ó wá lọ.

Ìgbẹ́kẹ̀lé, ìtọ́jú àti owó

Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni Glock há lọ́jọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ́ ti mágásíìnì kan ṣoṣo, mágásíìnì àtijọ́ kan tí a yá, tí ètè rẹ̀ ti là ju bó ti yẹ lọ. Mo fi í sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sì sí ọta tó tún há mọ́. Ẹ fi nọ́ńbà sára mágásíìnì kọ̀ọ̀kan. Bí ìbọn bá há, ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú ìbọn. CZ kò há rárá. N kò ní fi ọta 300 sọ pé ọ̀kan ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ju èkejì lọ, àwọn méjèèjì ti gba ọwọ́ ológun àti ọlọ́pàá kọjá ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, wọn kò sì dójú ti ẹni tó tọ́jú wọn.

Ní ti títú u palẹ̀, Glock rọrùn jù, ó sì léwu jù fún ẹni tí kì í fara balẹ̀, nítorí pé ó di dandan kí a fa apátí rẹ̀ kí irin òkè tó lè yọ. Ẹni tí kò bá wo ilé ọta kí ó tó fà á yóò yìnbọn lórí tábìlì. CZ kò béèrè pé kí a fa apátí: ilà kékeré méjì wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan lára irin òkè, èkejì lára ìbọn, bí a bá fà á títí ilà méjèèjì fi bára wọn mu, a ó ti ọ̀pá ìdádúró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jáde, ó parí. Àmọ́ irin ni, ó sì ń fẹ́ òróró. Òógùn tó gbẹ lára rẹ̀ ní alẹ́ lè di ìpẹtà. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ fi ọṣẹ àti omi tútù fọ ọwọ́ dáadáa lẹ́yìn ìbọn èyíkéyìí, kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ, nítorí òjé tó wà nínú èéfín ọta.

Owó ìbọn méjèèjì súnmọ́ra, ọta wọn kò sì yàtọ̀, nítorí náà ẹ wo ohun tó yí wọn ká. Mágásíìnì, àmì ìfojúsùn, àpò ìbọn àti ohun àpààrọ̀ Glock wà káàkiri, ìdíje láàárín àwọn tó ń ṣe wọ́n sì ń mú kí wọ́n dínwó. Ti CZ wà, ó kàn ń béèrè wíwá. Ní ìdàkejì, ẹni tó ra Glock sábà máa ń ná owó sí i láti pààrọ̀ àmì ìfojúsùn àti apátí, nígbà tí CZ ti wá pẹ̀lú ohun tó tó o lò. Ẹni tó bá sì ń di ọta fúnra rẹ̀ ní ohun kan láti mọ̀: ọ̀pá ìbọn àwọn Glock tó ṣáájú ìran karùn-ún kò ní ìlà gbígbẹ́ bí ti ìbọn yòókù, igun rẹ̀ rọ̀, ilé iṣẹ́ náà sì ń kìlọ̀ pé kí a má yin ọta tí orí rẹ̀ jẹ́ òjé lásán nínú rẹ̀, kí òjé má bàa lẹ̀ mọ́ ọn. Ìlà inú CZ jẹ́ irú tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ọta olójèé kò sì ṣàjèjì sí i. Láàárín ọdún kan, ìyẹn nìkan lè sanwó ìyàtọ̀ yòówù tó bá wà láàárín wọn.

Ta ni kó mú èwo?

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni ẹ ń lọ sí pápá, tí ẹ kì í yìn ju ọta 100 lọ, tí ìdùnnú yín sì wà nínú ihò tó ṣù pọ̀ lórí bébà, CZ 75 B ni mo ní kí ẹ mú. Ìwọ̀n rẹ̀ yóò ràn yín lọ́wọ́ kí àárẹ̀ tó dé, apátí rẹ̀ lẹ́yìn ọta àkọ́kọ́ yóò sì dárí àṣìṣe ìka jì yín. Ẹni tó ń di ọta olójèé fúnra rẹ̀ náà, ibẹ̀ ni kí ó yà sí.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí ẹ sì fẹ́ ìbọn kan ṣoṣo tí ẹ ó fi kọ́ṣẹ́, tí ẹ ó fi gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ gígùn, Glock 17 ni. Apátí kan ni ẹ ó kọ́, kò sí òòlù tí ẹ ó máa gbé sọ̀kalẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ní pa apá. Yóò kọ́kọ́ dójú tì yín. Ẹ jẹ́ kí ó dójú tì yín, kí ẹ sì ra ọta ike. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò lágbára láti fa irin tẹ́ẹ́rẹ́, tàbí tí ìka rẹ̀ kúrú, Glock ìran kẹrin tàbí ìkarùn-ún pẹ̀lú ẹ̀yìn èèkù tó kéré jù ni kí ó kọ́kọ́ dán wò.

Fún ẹni tó ní ìdíje Production lọ́kàn, méjèèjì ni ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé CZ Shadow 2, tí í ṣe ìran CZ 75 tí wọ́n mú wúwo sí i fún eré yìí, ni ìdílé CZ sábà máa ń fà á lọ sí níkẹyìn. Bí ó bá lè fara da owó rẹ̀, kí ó dúró díẹ̀ kí ó ra ìyẹn lẹ́ẹ̀kan.

Àbúrò mi mú Glock, èmi kò kúrò lẹ́yìn CZ. Bí pápá tó wà nítòsí yín bá ń yá ènìyàn ní ìbọn, ẹ yá méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, ẹ tọ́jú bébà márùn-ún àkọ́kọ́ àti márùn-ún ìkẹyìn ìbọn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi ti ìrọ̀lẹ́ yàn.